Ta Ló Ń Gbé Nínú Àwòrán Yẹn?

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ẹnìkan nínú wa ju ìbéèrè sórí WhatsApp tí a ti máa ń jiyàn lórí ìwé: bí owó àti físà kò bá jẹ́ ìṣòro, ibo lẹ fẹ́ rí kí ẹ tó kú? Ìbéèrè eré ni. A rò pé kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àmọ́ aago kan òru lù, a ò tíì sùn. Santorini jáde lẹ́ẹ̀mẹta. Maldives jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnìkan ní Paris, a sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ti àwọn bàbá wa nìyẹn. Ẹnìkan ní Bahia, ó kọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé òun ló máa gba ẹ̀bùn. Ẹnìkan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ kọ "Kétu", kò sì ṣàlàyé.

Àwọn mẹ́ta tó dárúkọ Santorini fi àwòrán tì í lẹ́yìn, àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Wọn ò gbà á lọ́wọ́ ara wọn o. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn ti fi tiẹ̀ pamọ́ sórí fóònù, ọ̀kan láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ilé funfun, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó rí rìbìtì tó ní àwọ̀ aró, òkun nísàlẹ̀, oòrùn tó ń wọ̀. Ọ̀kan nínú wa, tó máa ń ka àwòrán bí ẹni ń ka ewì, fi ìka fẹ̀ ẹ́ lójú, ó wá béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbé ibẹ̀?" A wá ènìyàn títí. Kò sí. Kò sí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn. Kò sí ọmọdé. Ajá pàápàá, kò sí.

Ewì àti ìtàn àròsọ la sábà máa ń ṣe lámèyítọ́ fún níbí. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ti àwòrán yìí lónìí, torí lójú tiwa, oríkì ni. Ìlú ló ń kì, ó sì ń pe ènìyàn wá síbẹ̀.

Oia ni orúkọ abúlé tí wọ́n ti ń ya á, ní apá àríwá erékùṣù Santorini, lórílẹ̀-èdè Gíríìsì. Etí òkè ayọnáyèéfín ni abúlé náà jókòó sí. Ní nǹkan bí 3,600 ọdún sẹ́yìn, òkè yẹn bú gbàmù, àárín erékùṣù náà rì, òkun sì wọlé. Ìrísí tó ń mú wa sọ pé "háà!" yẹn, etí ihò tí ìbúgbàmù náà fi sílẹ̀ ni. Púpọ̀ nínú àwọn ilé funfun kéékèèké náà, ihò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ sínú eérú òkè tó ti le bí òkúta. Àwọn atukọ̀ àti ìdílé wọn ló ń sùn nínú ihò. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ kọ́ ilé ńlá tiwọn sórí òkè lọ́hùn-ún. Lónìí, ihò tí atukọ̀ ń sùn sí ti di yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tí owó alẹ́ kan ṣoṣo níbẹ̀ lè san owó ilé ọdún kan fún ẹlòmíràn ní Ìbàdàn.

Báwo ni ihò atukọ̀ ṣe di ti àlejò? Ní oṣù Keje ọdún 1956, ilẹ̀ mì ní Santorini. Ilé wó, ènìyàn kú, ọ̀pọ̀ sì kó ẹrù wọn lọ sí Athens. Oia fẹ́rẹ̀ẹ́ dahoro. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ilé tó ṣófo náà ṣe fún àwọn tó ń wá gbafẹ́. Nítorí náà, òfìfo tí a rí nínú àwòrán yẹn ní ìtàn. Àwọn kan ti jáde níbẹ̀ rí kí ibẹ̀ tó mọ́ tónítóní báyìí.

Ẹ má sì rò pé ibẹ̀ ṣófo lónìí. Àwọn tó ń gbé erékùṣù náà kò ju bíi 15,000 àti díẹ̀ lọ. Lọ́dún 2023 nìkan, àlejò tó lé ní 3 mílíọ̀nù ló gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀ ní Oia, èjìká ń gbá èjìká bí ọjà Ọba ní àìsùn Kérésìmesì. Wàhálà náà pọ̀ débi pé wọ́n ní láti fi gègé sí iye èrò tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá lè já sílẹ̀ lójúmọ́, 8,000, láti ọdún 2025. Olùkọ́ àti dókítà tí ìjọba gbé lọ síbẹ̀ ń wá ilé tí wọ́n máa háyà, wọn ò rí, torí ẹni tó nílé mọ̀ pé owó àlejò ju owó olùkọ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán tí a ń wò yìí ní láti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tàbí kó fi ẹ̀rọ pa àwọn ènìyàn inú rẹ̀ rẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni o, kí ìlú tó lè dà bí ẹni pé kò sẹ́ni níbẹ̀!

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ilẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì níbẹ̀ léraléra. Ó lé ní 11,000 ènìyàn tó wọ ọkọ̀ ojú omi àti bàálù kúrò ní erékùṣù náà. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tiwa sọ pé ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, àwòrán Oia ló wà lójú fóònù òun, òun ò sì gbọ́ nípa ìròyìn náà rárá. A ò bá a wí. Ìlú tí kò sí ènìyàn nínú àwòrán ẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí àwọn ènìyàn bá sá kúrò níbẹ̀, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀?

Níbi tí a dé yìí, a fẹ́ máa yọ̀ pé a ti já irọ́ àwòrán náà. Ìgbà náà ni obìnrin kan nínú àwọn mẹ́ta náà fi ohùn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ó ní: ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ pé kò sí ènìyàn níbẹ̀ bí ẹni pé àléébù ni. Ó ní ohun tí òun ń wá gan-an nìyẹn. Yàrá kan ni òun àti àwọn mẹ́ta jọ ń gbé ní Èkó. Jẹnẹrétọ̀ onílé wà lẹ́bàá fèrèsé. Láti aago márùn-ún ìdájí ni kọ̀ndọ́kítọ̀ ti ń pariwo mọ́ òun létí. Ní gbogbo oṣù ni ẹnìkan láti ilé ń pè pé nǹkan kan ti bàjẹ́. Ó ní bí òun bá ń wo àwòrán yẹn, òun kì í wò ó bí ìlú kankan. Ibi tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ òun ni òun ń wò, ibi tí nǹkan funfun lè wà ní funfun títí di alẹ́.

Kò sẹ́ni tó fèsì fún ìgbà díẹ̀. Ó tọ̀nà. Lámèyítọ́ tó bá fojú àìmọ̀kan wo ohun tó ń wu ènìyàn, òun gan-an ni kò mọ iṣẹ́ ẹ̀. Àwọn tó ń ta Santorini fún wa mọ̀ pé ó ti rẹ̀ wá. Wọn ò ta òkun, wọn ò sì ta ṣọ́ọ̀ṣì; ìsinmi kúrò lọ́wọ́ ènìyàn ni wọ́n ń tà. Ẹ wo Maldives náà: ilé kan, igi àgbọn kan, omi. Ohun tó ń dùn wá ni pé ẹni tó ń dáná fún àlejò níbẹ̀, tó ń fọ aṣọ ibùsùn funfun náà, òun náà ní yàrá kan tí òun àti àwọn mìíràn jọ ń gbé níbì kan tí àwòrán kò dé. Bí arábìnrin wa bá débẹ̀, ẹni tó jọ ọ́ jù lọ níbẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ti yọ kúrò nínú àwòrán.

Nínú oríkì àwọn ìlú tiwa, ènìyàn kì í wọ́n. Ẹ rántí oríkì Ìbàdàn, tí a ti gbọ́ láti kékeré. Kò fi olè pamọ́. Kò fi ìjà ìgboro pamọ́. Ó sọ fún ènìyàn pé ẹjọ́ lè yí sódì níbẹ̀ kí ẹlẹ́bi gba àre. Ó tún sọ fún ọmọ onílé pé kí ó má bínú bí àlejò bá rí jẹ jù ú lọ. Lójú akéwì, gbogbo ìyẹn, iyì ni. Ẹ fojú inú wo ilé iṣẹ́ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó kọ ọ́ sí ojú pátákó pé: "Ẹ wá kí wa, olè ìlú wa mọ ẹjọ́ rò!" Ta ló máa rà á? Síbẹ̀ oríkì yẹn ti mú kí àwọn ọmọ tí wọn ò bí sí Ìbàdàn máa fẹ́ rí Ìbàdàn. A mọ̀ ọ́n, torí àwọn méjì wà nínú wa.

A ò sọ pé oríkì kì í purọ́. Akéwì mọ ẹni tó ń ná owó fún un, ó sì mọ ibi tí kò yẹ kí ohùn òun dé. Àmọ́ kò lè kì ìlú láìdárúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, ẹni tó jà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń jẹ, èèwọ̀ wọn. Oríkì tí kò ní ènìyàn nínú, ẹnu ò ní gbé e. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti àwòrán Oia nìyẹn, kì í ṣe pé ọ̀kan jẹ́ olóòótọ́ tí èkejì jẹ́ òpùrọ́.

Ìtàn àròsọ ńkọ́? Bí a bá ní ká dárúkọ ìlú kan tí ọmọ Yorùbá ti ń lá àlá rẹ̀ jù lọ nínú ìwé, Òkè Láńgbòdó ni, láti ọdún 1938 tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde. Ọba rán Àkàrà-Ògùn àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ kí wọ́n lọ mú ohun tí yóò fi kún àlàáfíà ìlú wá. A bi ara wa léèrè lálẹ́ ọjọ́ náà pé: báwo ni Òkè Láńgbòdó ṣe rí? Irú òrùlé wo ni ilé wọn ní? Kò sẹ́ni tó lè dáhùn, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú wa ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Àmọ́ gbogbo wa rántí Ẹ̀gbin àti òórùn ara ẹ̀. A rántí Ògòǹgò, ọba ẹyẹ. A rántí Kàkò Oníkùmọ̀-Ẹkùn, àti obìnrin tó dì mọ́ Kàkò pé kó má lọ, tí Kàkò fi àdá dá lóhùn. Ọ̀nà la rántí, àti ohun tí ọ̀nà ná wọn.

Ká sọ òótọ́, ibi tí wọ́n dé Láńgbòdó gan-an ló máa ń sú òǹkàwé. Wọ́n dé ilé Ìràgbèje, ilé olójúlé méje, ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó tí bàbá náà ń bá wọn wí. Ẹni tó bá ní òun kò fo ojú ewé kankan níbẹ̀ kò ní láti búra fún wa. Síbẹ̀, ohun kan wà tí Fágúnwà mọ̀ tí àwòrán orí fóònù kò mọ̀: bí ènìyàn bá dé ibi tó ti ń lá àlá rẹ̀, ẹnìkan ló máa bá níbẹ̀, ẹni yẹn sì lè ní ọ̀rọ̀ tí kò dùn láti sọ fún un. Àwọn ọdẹ náà kò lọ sí òfìfo. Wọ́n lọ sí ilé onílé, wọ́n sì jókòó bí àlejò. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, iye wọn kò pé mọ́.

Fágúnwà fúnra ẹ̀ lọ sí Ìlú Ọba, ó sì kọ ìwé Ìrìnàjò nípa rẹ̀ fún àwọn tó wà nílé. Àmọ́ arìnrìn-àjò tí orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ inú èdè ni Moshood Ọlábísí Àjàlá. Bí ọmọ kan kò bá fìdí mọ́lé, ìyá ẹ̀ á ní, "Àbí Àjàlá ni ọ́ ni?" Orin Ebenezer Obey ló gbé orúkọ náà dé ẹnu gbogbo ayé. Nínú orin yẹn, Àjàlá ti di ẹni tó dé ibi gbogbo, ó parí. A dàgbà pẹ̀lú èrò pé bàbá kan wà tí ayé là sílẹ̀ fún bí ẹní.

Ẹ wá ka ìwé tó kọ fúnra rẹ̀, An African Abroad, tó jáde lọ́dún 1963. Ayé kò là fún un rárá. Kí ó tó kọ ìwé náà, ó ti gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú agbádá lọ́rùn láti Chicago dé Los Angeles lọ́dún 1952, ìrìn bíi 2,280 máìlì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba Amẹ́ríkà ní kó máa lọ sílé. Àjàlá gun òpó rédíò kan lọ sókè, ó ní òun kò sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá gba orí alùpùpù Vespa láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Nínú ìwé náà, ẹnubodè ló pọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ló pọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí ẹnubodè tó wà láàárín Jọ́dánì àti Ísírẹ́lì. Níbi kan wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un torí ó jẹ́ àjèjì. Níbòmíràn, torí àwọ̀ ara ẹ̀, wọn ò fẹ́ rí i sójú.

Ìwé náà ní àléébù. Àjàlá fẹ́ràn olórí ìlú jù. Bó bá dé orílẹ̀-èdè kan, Nehru ló ń wá, Nasser ló ń wá, ẹni tó ń ta búrẹ́dì lójú pópó kì í sábà rí àyè sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹni ń kó orúkọ jọ ló ṣe ń ṣe nígbà mìíràn, bí àwa náà ṣe ń kó àwòrán jọ. Àmọ́ ó dára ju orin lọ lójú tiwa, torí pé ara ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ó rẹ̀ ẹ́, ebi pa á, wọ́n dá a dúró, ó ṣàlàyé ara ẹ̀ títí ẹnu ń ro ó. Orin pa ẹnubodè rẹ́ kí a lè jó. A ò bá Obey wí fún ìyẹn o, ijó la fẹ́. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé orin nìkan ló kù lọ́wọ́ wa.

Bí a ṣe ń sọ ẹnubodè yìí ni ẹnìkan rántí ọ̀rọ̀ méjì tí kò kúrò lọ́kàn wa mọ́. Ọ̀kan ni Tòkunbọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lókè òkun ló ń jẹ́ orúkọ yẹn, kí mọ́tò tí ẹlòmíràn ti lò tó wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. "Bọ̀" ló gbẹ̀yìn orúkọ náà: ìrìn-àjò kò pé lẹ́nu Yorùbá ìgbà yẹn títí ènìyàn yóò fi bọ̀. Èkejì ni jápa. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, kò sí bíbọ̀ níbẹ̀. Kò tilẹ̀ sí ibi tí à ń lọ níbẹ̀. Sísá nìkan ló wà nínú ẹ̀. Láti Tòkunbọ̀ dé jápa, ìran bíi méjì péré ni.

Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tó ń fúnni ní físà kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kejì yẹn rárá. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo oòrùn tó ń wọ̀ ní Oia ní láti gba físà Schengen. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, 90 yúrò ni owó ìwé, bí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́, owó ò ní padà. Ìwé bánkì, ìwé ibi iṣẹ́, ìwé hòtẹ́ẹ̀lì, ìdí tí o fi máa padà wálé. Wọ́n fẹ́ rí i dájú pé Tòkunbọ̀ ni ọ́. Arábìnrin wa tó fi ohùn ránṣẹ́ ti gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà fún un ni pé kò dá wọn lójú pé ó máa padà. Ó ní òun rẹ́rìn-ín nígbà tí òun kà á, torí kò dá òun náà lójú. Ìgbà tó sọ èyí ni a wá mọ ìdí tí àwòrán náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí fóònù ẹ̀. Ibi tó ti wá ìsinmi kúrò lọ́wọ́ ìbéèrè ènìyàn, àfi kó kọ́kọ́ dáhùn ogójì ìbéèrè kó tó débẹ̀.

A ò tíì sọ ti Bahia. Òun ni a kọ́kọ́ fẹ́ gbé oyè fún, ká lè fi na àwọn ará Santorini. Ọ̀rẹ́ wa tó dárúkọ ẹ̀ ní òun fẹ́ lọ síbi tí òun yóò ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹni tí kò dé Èkó rí, kí òun jẹ àkàrà tí wọ́n ń pè ní acarajé lójú títì, kí òun rí àwọn ìyá tó wọ aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀. Ó fi àwòrán ránṣẹ́: Pelourinho, àárín ìlú àtijọ́ ní Salvador, ilé aláràbarà, òpópónà olókùúta tó ń dagun. Ó rẹwà. A tún fi ìka fẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá aláṣọ funfun méjì wà níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Yàtọ̀ sí wọn, kò sẹ́ni.

Pelourinho, òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ nà ni ìtumọ̀ orúkọ náà. UNESCO fi àárín ìlú náà sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 1985. Ní àwọn ọdún 1990, ìjọba ìpínlẹ̀ Bahia tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n kun àwọn ilé ní àwọ̀ tí a ń rí yẹn, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jáde. Tálákà ni púpọ̀ nínú wọn, aláwọ̀ dúdú sì ni wọ́n, ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n so mọ́ òpó. Wọ́n fún wọn ní owó díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n wábi gbà. Ilé wọn di ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ fún àlejò tó wá wo àṣà Áfíríkà.

Kò dùn mọ́ ọ̀rẹ́ wa nínú, kò sì dùn mọ́ àwa náà nínú, torí àṣìṣe rẹ̀ ni tiwa. À ń fi Santorini ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sí ènìyàn níbẹ̀, nígbà tí Bahia tó wà lọ́kàn tiwa kò ní ju ìyá aláṣọ funfun méjì lọ. À ń fẹ́ kí wọ́n bá wa tọ́jú Yorùbá kan tí àwa fúnra wa kì í sọ fún ọmọ wa nílé. Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá wà ní Salvador láti ọdún 1910 tí Eugênia Anna dos Santos ti dá a sílẹ̀. Ojúbọ wà níbẹ̀, ilé ìwé ọmọdé náà wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn ń gbé inú ọgbà náà, Pọtogí sì ni wọ́n fi ń bá ọmọ wọn wí. Bí ọ̀rẹ́ wa bá débẹ̀, ó ní láti kọ́ Pọtogí kó tó lè bi wọ́n ní ohunkóhun. Ó ní òun kò ronú kan ìyẹn rí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ báyìí o, lórí fóònù, ó ń fi ìró imú wọn dà wá láàmú.

Ó ku Kétu. Nígbà tí gbogbo wa ti sọ̀rọ̀ tán ni a rántí pé ẹnìkan dárúkọ ẹ̀. A bi í pé Kétu wo, ti Èkó ni? Ó ní rárá, Kétu gan-an, ìlú Aláketu, ní Bẹ̀nẹ̀. Ìlú tí ogun Dàhòmì kó lọ́dún 1886. Ó ní òun fẹ́ rí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè alámọ̀ tí ìlú náà fi ń ti ara ẹ̀ mọ́lé látijọ́. Ó tún sọ fún wa pé kò gba físà, 90 ọjọ́ ni ọmọ ECOWAS lè lò níbẹ̀. Èèyàn á gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìmẹ̀kọ, á gba Ìlárá, á sì débẹ̀. Ẹnìkan nínú wa béèrè pé ṣé ibẹ̀ rẹwà. Ó ní òun ò mọ̀. Ìyá ìyá òun ló ti ibẹ̀ wá, wọ́n sì sọ fún òun nígbà tí òun wà ní kékeré pé àwọn ará Kétu á mọ òun bí òun bá ti lanu.

Ó wá fi àwòrán kan ránṣẹ́, tí mọ̀lẹ́bí kan yà fún un. Ó ṣú díẹ̀. Ògiri amọ̀ náà wà lẹ́yìn, àmọ́ ọlọ́kadà kan ti gba iwájú kámẹ́rà kọjá pẹ̀lú àpò ìrẹsì lẹ́yìn, ewúrẹ́ méjì dúró lọ́nà, ìyá àgbà kan sì na ọwọ́ sí ẹni tó ń ya àwòrán bí ẹni tó ń bá a jà. Nínú gbogbo àwòrán tó jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, òun nìkan ni ẹnikẹ́ni kò fi àmì ọkàn sí. Nígbà tó di bí aago kan, arábìnrin wa, ti Santorini, kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Kí ni ìyá yẹn ń sọ?"